Irú ìbọn wo ló yẹ kí baálé ilé ní? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn (Àrójẹ, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ Àrójẹ kọ:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún tó kọjá ni mo kó wá sí ilé tí mo kọ́ sí ẹ̀yìn Àrójẹ, níbi tí ilé ò tíì pọ̀, tí igbó sì wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa. Ìyàwó mi, ìyá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àti ọmọ mẹ́ta la jọ ń gbé. Àgbà nínú àwọn ọmọ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbíkẹ́yìn jẹ́ mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn kan já wọ ilé aládùúgbò mi ní nǹkan bí agogo méjì òru. Wọ́n kó fóònù, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì lu bàbá náà títí apá rẹ̀ fi kán. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú yàrá mi. Mo mú àdá dání, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè jáde. Láti ọjọ́ náà, oorun mi ò jinlẹ̀ mọ́. Bí ajá bá gbó, mo ti dìde.

Mo ti ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń múra de ìgbà ìṣòro. Wọ́n ní kí ènìyàn ní ìbọn ìléwọ́ kan, ìbọn gígùn kan, ọta rẹpẹtẹ, omi àti oúnjẹ oṣù mẹ́ta. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà? Mo fẹ́ èyí tí ìyàwó mi náà lè lò bí mi ò bá sí nílé.

Akin Tákíè kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Pump action ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wo ibòmíì. Ìró rẹ̀ nìkan tí ẹ bá fà á ṣakaṣaka, olè á ti fò fẹ́ǹsì padà. Kò tiẹ̀ nílò kí ènìyàn fojú sùn ún dáadáa. Ẹ ṣáà kọjú ẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ yìn ín, ọta ẹ̀ á gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ènìyàn mẹ́ta tó ní in ní àdúgbò wa níbí.

Agbẹjọ́rò Ìjerù kọ:

Akin àbúrò mi, mo mọ̀ pé inú ire lo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn lè rán ẹlẹ́bí lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n la òfin sílẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ ọjà.

Láti 1959 ni òfin ìbọn tí a ń lò ti wà, òun ló wà ní orí F28 nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun (àwọn oníwọ̀n 7.62 mílímítà, 9 mílímítà àti .303 wà nínú rẹ̀), àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ pátá. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí ìyẹn. Nítorí náà, Ọmọ Àrójẹ, ìbọn ìléwọ́ tí ẹ rí lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa. Ìkejì ni èyí tí aráàlú lè ní tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá: ìbọn ọdẹ tó ń jẹ kátíríìjì, ráìfù ọdẹ tí ìwọ̀n ọta rẹ̀ kò sí lára ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ń kì láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun náà ní ìwé tirẹ̀.

Ibi tí Akin ti ṣìnà rèé. Nígbà tí òfin ń ka àwọn ìbọn kátíríìjì tó gbà wá láyè láti ní, ó yọ èyí tó ń dá ara rẹ̀ kì sílẹ̀, ó sì yọ èyí tó ní ẹ̀rọkẹ́rọ tó ń gbé ọta tuntun wọlé. Ṣakaṣaka tí ẹ ń gbọ́ lára pump action, ẹ̀rọ yẹn gan-an ni. Inú èèwọ̀ ló bọ́ sí. Ẹ lè rí i lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ lè rí i lọ́wọ́ olówó àdúgbò, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ yín.

Ìjìyà rẹ̀ kò kéré. Òfin ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, ìtanràn 20,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Òfin yẹn kò bèèrè bóyá olè ni yín tàbí baálé ilé.

Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 kò lè gba ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ẹni tó ń mutí àmujù, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ẹ lọ bá DPO àdúgbò yín, ẹ jẹ́ kó tọ́ka ọ̀nà yín dé olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wa ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn. Ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní òun á bá yín "ṣe é ní kíákíá" nínú ọjà, ẹ sá fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 33, gbà pé ènìyàn lè lo agbára tó bá yẹ láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì lọ́wọ́ ìwà ipá. "Tó bá yẹ" ni ẹ dì mú. Olè tó ti kọ ẹ̀yìn sí yín, tó ń sá lọ, bí ẹ bá yin ìbọn lù ú, ẹ̀yin lẹ máa jókòó níwájú adájọ́.

Akin Tákíè kọ:

Sà, mi ò mọ̀. Mo rò pé bó ṣe wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà ni òfin ṣe gbà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n Àrójẹ, ẹ má tẹ̀lé ohun tí mo kọ.

Ọdẹ Ìkòyí kọ:

Ẹ kú ìjókòó. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni èmi náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé ìbọn wọ igbó lápá Ìkòyí-Ilé. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ yọ ṣakabùlà kúrò nínú ààbò ilé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, òun ni mo fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọta ẹ̀ẹ̀kan ló ní. Bí ẹ bá yìn ín tí kò bà, ẹ óò da ẹ̀tù sí i, ẹ óò fi ọ̀pá kì í, ẹ óò da ọta sí i, ẹ óò tún fi ọ̀pá kì í. Ta ni yóò dúró dè yín? Lásìkò òjò, ẹ̀tù á rin, ẹ óò fa apátí, kò ní dún. Àwọn tí wọ́n fi páìpù rọ tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ọdẹ méjì tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ mọ́ lójú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sóko báyìí.

Ìbọn afẹ́fẹ́ wà fún ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ẹ bá nà án sí olè tó mú ìbọn gidi dání, ẹ ti pè é kó yìnbọn ni.

Èyí tó kù tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni ìbọn kátíríìjì tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín kí wọ́n tó kì í, síngù bárẹ́ẹ̀lì (ẹlẹ́nu kan) tàbí dọ́bù (ẹlẹ́nu méjì). Èmi yan dọ́bù. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ báyìí, ojú yín á rí i bóyá kátíríìjì wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ìyàwó yín á rí i, ìyá yín pàápàá á rí i. Kò ní ohun púpọ̀ tó lè há. Méjì ni ọta rẹ̀, ẹni tó gbé e mọ̀ pé méjì ni, kò ní máa yìn ín káàkiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ọ̀rọ̀ pé kò nílò kí ènìyàn fojú sùn ún, irọ́ tó ń pa ènìyàn ni. Láti ìpẹ̀kun pálọ̀ kan sí ìkejì, ọta rẹ̀ ò tíì túká. Gbogbo rẹ̀ á ṣì kó jọ sí ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kátíríìjì ọlọ́ta ńlá, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí kò bá ba ẹni tí ẹ fẹ́ kó bà, á lọ ba nǹkan mìíràn. Ilẹ̀kùn onígi kò lè dá a dúró. Síìlì ò lè dá a dúró. Ṣé ẹ mọ yàrá tí àwọn ọmọ yín ń sùn sí? Ẹ lọ dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yín lónìí, kí ẹ nawọ́ sí ọ̀kánkán ibi tí olè lè gbà wọlé. Bí ọwọ́ yín bá na yàrá àwọn ọmọ, ẹ ò gbọdọ̀ yìnbọn láti ibẹ̀ láé.

Nípa ìyàwó yín: èyí tí wọ́n ń pè ní 12-gauge máa ń ti èjìká gan-an. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́, 20-gauge rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, ihò rẹ̀ kò tóbi tó ti èkejì. Ṣùgbọ́n kò sí ìbọn kankan tí mo lè sọ pé ó dára fún un àfi èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá ti yìn lọ́sàn-án gangan, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, títí tí ẹ̀rù rẹ̀ kò fi bà á mọ́. Ẹni tí kò yìn ín rí lọ́sàn-án, kó má gbẹ́kẹ̀ lé e lóru. Ẹ sì bi òun náà bóyá ó fẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i níbi tí ẹ ti bi í.

Àwọn bàbá wa ní ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, ohun tó fi kọ́ mi nìyẹn. Ìbọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọta rẹ̀ tán, ẹ ṣe é bí èyí tó ní ọta. Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ na ohun tí ẹ ò fẹ́ kó bàjẹ́. Ìka kì í kan apátí àfi ìgbà tí ẹ bá ti pinnu. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò, ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣábọ́ọ̀ kọ:

Bàbá Ọdẹ, ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ àwọn ọmọ. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, ọkàn mi ń lù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìbọn nílé. Orí àjà ló ń gbé e sí, ó ní àwọn ọmọ ò mọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ọmọ máa ń mọ̀. Ọmọ mọ ibi tí ẹ fi mílíìkì pamọ́ sí, ọmọ mọ ibi tí ẹ fi owó sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí òde ìsìnkú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gun àga, ó gbé ìbọn sọ̀kalẹ̀ láti fi han ọmọ ìyá rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, itan ni ọta gbà kọjá. Ó ti dàgbà báyìí, ó ṣì ń tiro. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ìbọn mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì lè wo ojú ọmọ yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Mi ò sọ pé kí ẹ má rà á. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe lu aládùúgbò yín. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: níbo ni ẹ máa tì í pa sí? Ẹ dáhùn ìyẹn kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀kẹ́lẹ̀rín kọ:

Mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì. Ní 1993, ìwádìí Arthur Kellermann àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n rí i pé ewu kí wọ́n pa ènìyàn nínú ilé tí ìbọn wà fi nǹkan bí ìlọ́po 2.7 ju ti ilé tí kò sí ìbọn lọ. Ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tó pa wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ rèé, yálà ẹ ní ìbọn tàbí ẹ ò ní. Bí ọta bá ba ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pa á. Ẹ ki aṣọ tó mọ́ bọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gidigidi, ẹ má ṣí i wò. Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, ẹ fi aṣọ fífẹ̀ so ó sókè ọgbẹ́, láàárín ọgbẹ́ àti ọkàn, kì í ṣe lórí oríkèé. Ẹ fi igi kan yí aṣọ náà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, ẹ kọ aago tí ẹ so ó sílẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi okùn tín-ín-rín so ó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìwé ọlọ́pàá wá. Òfin ti 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ọta ìbọn bà sọ pé gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà á, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó àsansílẹ̀ wà o, kò sí o. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù yín. Mo ti rí ẹni tó kú nítorí pé àwọn ẹbí rẹ̀ ń wá ìwé kiri.

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n takò díẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tí Nọ́ọ̀sì sọ. Lọ́hùn-ún, ènìyàn á pe ọlọ́pàá, wọ́n á dé. Níbí ńkọ́? A rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀wọ̀ ní June 5, 2022, níbi tí àwọn agbébọn ti pa àwọn olùjọsìn. Ọjọ́ Ìsìnmi, ojú ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ igbe aládùúgbò rẹ̀, kò lè ṣe nǹkan kan. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbàgbé. Ọkùnrin tó bá ní ọmọ mẹ́ta àti ìyá arúgbó nílé, ẹ má jẹ́ ká máa dẹ́rù bà á kúrò nínú ohun tí òfin gbà á láyè láti ní.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀kẹ́lẹ̀rín kọ:

Òótọ́ lẹ sọ pé ìlú wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó gun àga kò yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó má rà á. Kó rà á bí ẹni tó mọ ohun tó ń gbé wọlé ni.

Tíṣà Máṣífà kọ:

Ẹ̀yin ọmọ Ògúnlọlá, ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ti gùn tó báyìí, kò sí ẹni tó rántí bí ìlú wa ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọdẹ ni Ògúnlọlá. Abẹ́ igi àjàgbọn ló tẹ̀dó sí. Ìtàn sọ pé nítorí orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí Ògúnlọlá gé ni ìlú fi ń jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ọfà ló sì fi jagun yẹn. Gbogbo wa mọ apá ibẹ̀, a máa ń fi yangàn. Apá tí a kì í sọ ni pé kí ogun yẹn tó dé rárá, nígbà tí Ògúnlọlá rí èéfín iná àwọn ọdẹ mìíràn nínú igbó, ńṣe ló wá wọn kàn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Alọ́ńgọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ni láti jọ dojú kọ àwọn akónilẹ́rú, láti jọ máa dẹ igbó, àti láti máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ọdẹ tó mọ ọfà ta tó bẹ́ẹ̀, kò rò pé ọfà òun nìkan tó.

Ọmọ Àrójẹ, lóru ọjọ́ tí wọ́n lu aládùúgbò yín, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbọ́ igbe yẹn. Ilé mélòó ló wà ní òpópónà yín? Àwọn ọkùnrin mélòó ló dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, tí oníkálukú rò pé òun nìkan ni? Bí gbogbo yín bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo iná tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé àwọn olè yẹn á ṣì jókòó máa lu bàbá kan ni?

Àmọ̀tẹ́kùn wà, láti January 9, 2020 tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ọdẹ wà. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù yín ńkọ́?

Ọmọ Àrójẹ kọ:

Tíṣà, ẹ pa mí lẹ́kún. Ilé mọ́kànlá ló wà ní òpópónà wa. Lánàá, mo lọ láti ilé dé ilé. Méje nínú àwọn ọkùnrin ibẹ̀ sọ fún mi pé àwọn gbọ́. Ọ̀kan ní òun ti wọ bàtà, òun ti dé ẹnu géètì, òun wá padà nítorí pé òun ò rí ẹlòmíì níta.

Mo tún bi ìyàwó mi bí Bàbá Ọdẹ ṣe ní kí n ṣe. Ó ní òun ò fẹ́ fọwọ́ kan ìbọn, ṣùgbọ́n bí èmi bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ, òun ò ní dí mi lọ́wọ́, bí mo bá ti lè fi ibi tí mo máa tì í pa sí han òun. Mo sì ṣe èyí tí wọ́n ní kí n lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi na yàrá àwọn ọmọ tààrà.

Bàbá Ọdẹ, báwo ni kí n ṣe ètò ilé náà báyìí?

Ọdẹ Ìkòyí kọ:

Ẹ ṣeun tí ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe é.

Ẹ yan yàrá kan, èyí tó jìnnà sí ọ̀nà àbáwọlé jù. Kí ìyá yín máa sùn síbẹ̀ láti òní, nítorí òun ni kò lè sáré. Ẹ fi ilẹ̀kùn irin sí i, kí ìdè rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, kí ó ṣeé tì láti inú. Bí ariwo bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ọmọ ni yóò wọ ibẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ wọlé kẹ́yìn. Ẹ má lọ wá olè kiri inú ilé. Nínú òkùnkùn, ẹni tó ń rìn ni wọ́n máa ń rí, ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ kì í tètè hàn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì méjì síbẹ̀, fóònù kan tí iná rẹ̀ máa ń kún, fèrè, omi, oògùn ìyá yín, àti aṣọ fún ọgbẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ. Kí àgbà ọmọ yín mọ nọ́ńbà 112 àti 615 ti ìpínlẹ̀ wa lórí, kó sì lè júwe ilé yín fún àjèjì. Ẹ jẹ́ kó júwe rẹ̀ fún yín lónìí. Ẹ óò rí i pé kò tíì mọ̀ ọ́n.

Nípa búgílárì ojú fèrèsé yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nítòsí. Bí iná bá jó ilé, búgílárì tí kò ṣeé ṣí ti di pańpẹ́.

Bí ẹ bá wá gba ìwé àṣẹ ìbọn: àpótí irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara ògiri, nínú yàrá yẹn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára yín. Kátíríìjì wà nínú àpótí mìíràn, òun náà ní àgádágodo tirẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ìrìn àjò tí kò ní sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé, ẹ bi ọlọ́pàá bí ẹ ṣe lè fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Àti pé ẹ ò gbọdọ̀ yìn ín láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, mo tún un sọ. Kí ẹ tó rà á, ẹ pààrọ̀ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí.

Agbẹjọ́rò Ìjerù kọ:

Kí ẹ sì ra ọta níbi tí ìwé àṣẹ gbà yín láyè láti rà á, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ìwé àṣẹ kò wà títí láé, ẹ máa wo ọjọ́ tó máa parí.

Ọmọ Àrójẹ kọ:

Ìyá mi ti kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ti kó wá sí apá ọ̀tún, wẹ́dà á wá wọn ilẹ̀kùn irin lọ́jọ́ Ajé. Àgbà ọmọ mi júwe ilé fún mi, ó gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń yà ní ọ̀nà ńlá. A ti ń kọ́ ọ.

Mo ti fọ́ owó tí mo fẹ́ fi ra ìbọn sí méjì: ìdajì fún ilẹ̀kùn àti iná sólà níta, ìdajì ṣì wà nílẹ̀ di ìgbà tí DPO bá fún mi lésì. Ìpàdé òpópónà wa jẹ́ ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nílé aládùúgbò mi tí apá rẹ̀ kán. Òun ló ní kí a ṣe é níbẹ̀. Bàbá Ọdẹ, bí ẹ bá lè yọjú, a máa wá fi mọ́tò gbé yín láti Ìkòyí.

Ọdẹ Ìkòyí kọ:

Mo ń bọ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá gbé mi, ọmọ mi á fi ọ̀kadà gbé mi wá. Kí olúkúlùkù mú fèrè tirẹ̀ dání, kí a lè gbọ́ bó ṣe ń dún dé ilé kọkànlá.